Kíì tó wúwo àbí èyí tó fúyẹ́? Ẹ bá mi yan kiibọ́ọ̀dù MIDI fún sítúdíò inú yàrá mi

Àkànjí Ṣàngó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ná owó tí kò ní rọrùn fún mi láti tún kó jọ. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàngó n'Ìbàdàn níbí, mo sì ń ṣe bíìtì nínú yàrá mi. FL Studio, software tí wọ́n fi ń ṣe orin, ni mò ń lò lórí láptọ́ọ̀pù. Kiibọ́ọ̀dù MIDI (èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi tẹ ohùn inú ẹ̀) tó wà lọ́wọ́ mi báyìí jẹ́ oníkíì 61, àwọn kíì ẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Tí mo bá fẹ́ ṣe orin tó jẹ́ pé píánò ló máa gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí bí mo ṣe lè rọra tẹ̀ ẹ́ tó, ó ti ké tán. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ò sí níbẹ̀, ariwo ńlá náà ò sí níbẹ̀. Àárín ṣá ni gbogbo ẹ̀.

Mo wá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ń pè ní weighted, tó wúwo bíi ti píánò. Bí mo ṣe wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, orí mi dàrú: M-Audio Hammer 88, Studiologic SL88, Arturia KeyLab 88, Komplete Kontrol S88. Ẹnìkan tún ní kí n fi gbogbo wọn sílẹ̀, kí n wá píánò oníná Yamaha P-45 tòkunbọ̀, pé òun náà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ mi ò ká S88, kí n má purọ́. Ó lè ká P-45 tàbí Hammer 88 tí ẹlòmíì ti lò, tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá dìde sí mi. Yàrá mi ò tóbi, iná àdúgbò wa sì máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Èwo ni kí n mú?

Pùródúsà Àpáta

Àbúrò, jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Bíìtì lò ń ṣe, kí lo fẹ́ fi kíì 88 ṣe? Kíì tó wúwo ò dáa fún ìlù títẹ̀. Gbìyànjú kó o fi tẹ hi-hat (páànù inú ìlù òyìnbó) tó ń sáré, tí ìka méjì ń gba ara wọn lórí kíì kan ṣoṣo: kíì yẹn ò ní tíì gòkè tán tí wàá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà. Ọrùn ọwọ́ á máa ro ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ibo lo fẹ́ gbé e sí? Gbogbo wọn ló gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Láptọ́ọ̀pù, sípíkà, ibùsùn, ìwọ fúnra ẹ, ta ni máa jáde síta fún un?

Akai MPK Mini ni mò ń lò. Kíì 25, páàdì mẹ́jọ, ó ń wọ inú báàgì ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ń jó sí iṣẹ́ tí mo fi ṣe lóde ìgbéyàwó, kò sì tíì sẹ́ni tó bi mí pé kíì mélòó ló wà nídìí ẹ̀.

Àkànjí Ṣàngó

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìlù ni wàhálà mi. Màá máa fi máùsì to ìlù bí mo ṣe ń tò ó tẹ́lẹ̀. Píánò gan-an ni mo fẹ́ kó dún bíi pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀.

Tíṣà Dùùrù Bódìjà

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Àkànjí, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ ń sọ, àmọ́ ti ẹni tí ìlù jẹ lógún ló ń sọ. Ọmọdé ni mò ń kọ́ ní dùùrù, ohun tí ìwọ sọ yìí náà ni mò ń rí lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó ń fi kiibọ́ọ̀dù fífúyẹ́ dánra wò nílé, tó bá dé ìdí píánò onígi lọ́jọ́ ìdánwò, ìdajì nóòtì ẹ̀ ò ní dún. Ìka ẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níwájú tó yẹ kó tì.

Inú píánò onígi, kíì kọ̀ọ̀kan ló ní òòlù tó ń jù lu okùn irin. Ìwúwo òòlù yẹn ni ìka ń bá jà. Àwọn tó ń ṣe ti oníná wá fi òòlù kékeré sábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, kì í lu nǹkan kan, kó ṣáà lè wúwo ni. Èyí tó dáa nínú wọn máa ń wúwo lápá òsì níbi tí ohùn ti nípọn, á sì máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní graded hammer. P-45 tó o dárúkọ ní in.

Àwọn ọlọ́jà kì í sọ èyí tó kàn yìí fún èèyàn: kíì 88 kò sọ pé ó wúwo o! M-Audio Keystation 88, kíì 88 ni, àmọ́ semi-weighted ni. Novation Launchkey 88 náà bẹ́ẹ̀. Semi-weighted kì í ṣe ìdajì píánò. Sípíríǹgì náà ló ṣì ń tì í padà sókè, wọ́n kàn mú kó le díẹ̀ ni. Ó dáa fún ẹni tó ń tẹ ohùn ọ́gàànù àti síńtì, kò sì burú fún bíìtì. Àmọ́ tí ẹni tó ń ta Keystation fún ẹ bá ní "full piano" ni, rẹ́rìn-ín músẹ́ kó o máa bá tìrẹ lọ.

Pùródúsà, ẹ má bínú sí mi, ọ̀kan kù. Ẹ ní kíì tó wúwo ò bá ìlù mu. Olóògbé Akin Euba, tó mú ọ̀rọ̀ African pianism wọ àárín àwọn onímọ̀ orin, ohun tó ń sọ ni pé píánò gan-an lè sọ èdè ìlù ilẹ̀ wa, kéèyàn máa lù ú bí ìlù. Ó ṣe é ṣe. Ìka tó mọ iṣẹ́ ló ń bèèrè.

Pùródúsà Àpáta

Mo gbọ́, Màmá. Mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ wo hi-hat tí mo sọ yẹn náà o.

Ọmọ Àyàn Ọjà Ọba

Mo júbà ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ìjókòó. Ìbéèrè kan ni mo ní fún Àkànjí. Ṣé o máa ń lo ohùn gángan tàbí dùndún nínú orin ẹ? Nítorí mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni dá a sọ níbí, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni.

Gángan kì í gun àkàbà láti dò dé mí. Yíyọ̀ ló ń yọ̀. Ọ̀wọ́ ọṣán tí onílù ń fún mọ́ apá ló ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Tó o bá fẹ́ kí gángan inú kọ̀ǹpútà sọ oríkì kankan, o nílò wíìlì pitch (èyí tó ń yọ́ ohùn lọ sókè sódò) lọ́wọ́ òsì, kí ọwọ́ ọ̀tún máa tẹ kíì. P-45 ò ní wíìlì yẹn. Píánò oníná Roland FP-10 ò ní in. Casio PX-S1100 náà ò ní in. Nínú àwọn Casio tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, PX-S3000 àti PX-S3100 wà lára àwọn tó ní in. Hammer 88 ní wíìlì pitch àti ti modulation, KeyLab 88 náà ní in. Ti SL88, ọ̀pá kéékèèké tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì ni wọ́n fi sí i dípò wíìlì, ó sì máa ń gba kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń gbìyànjú ẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe máa ń wà látilẹ̀, wíìlì yẹn kì í gbé ohùn kọjá semitone méjì sókè àti méjì sísàlẹ̀ (semitone kan ni láti kíì kan dé èyí tó tẹ̀ lé e, funfun tàbí dúdú). Gángan tó bá gbó ohùn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Wọ inú sampler ẹ (software tó ń tẹ ohùn tí o gbà sílẹ̀), wá ibi tí wọ́n kọ bend range sí, fi sí 7 kó o wò ó, àwọn mìíràn ń fi sí 12. Má bẹ̀rù pé á máa já wálẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ìpele 16,384 ni MIDI fún wíìlì pitch, etí ò lè rí ibi tí wọ́n ti so ó. Ohùn tí mò ń lò, èmi ni mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi, ìlù kan, ohùn kan, láìsí gbohùngbohùn yàrá.

Pùródúsà Àpáta

Ṣé ẹ rí i! MPK Mini ní joystick fún ìyẹn 😂

Ẹnjiníà Dùgbẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n fèsì. Èmi ló ń tú nǹkan wọ̀nyí wò, mo sì máa ń ta tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ mọ̀ pé mo ní ẹ̀mí ọjà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Àkànjí, gbọ́ ohun tí MIDI jẹ́ ná. MIDI kì í gbé ohùn. Nọ́ńbà ló ń gbé. Tó o bá tẹ dò àárín, ó ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé kíì nọ́ńbà 60 ti lọ sílẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà mìíràn kún un, láti 1 dé 127, tó ń sọ bó ṣe yára lọ sílẹ̀ tó. Kiibọ́ọ̀dù ò mọ̀ bóyá inú ń bí ẹ o. Lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan, ojú ìfọwọ́kàn méjì ló sábà máa ń wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àsìkò tó kọjá láàárín kí kíì kan ti òkè àti kó kan ti ìsàlẹ̀ ló ń wọ̀n. Kíì onísípíríǹgì kì í fún ìka láyè: o kan án, ó ti dé ìsàlẹ̀, nọ́ńbà rẹ á máa pọ̀ sójú kan. Ìyẹn ni "àárín ṣá ni gbogbo ẹ̀" tó o sọ. Kíì tó wúwo máa ń fà sẹ́yìn, ìka wá lè pinnu bóyá 30 ni àbí 95.

Ìdí ẹ̀ nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá wá bá mi pé kí wọ́n fi owó ra kíì, kí wọ́n má fi ra bọ́tìnnì. Ohùn, o lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Páàdì, nọ́ọ̀bù, wíìlì pitch, o lè ra MPK Mini lọ́jọ́ iwájú kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, FL Studio á gba àwọn méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní jà. Àmọ́ kíì tó fúyẹ́, kò sí software kankan tó lè sọ ọ́ di wíwúwo. Velocity curve wà lóòótọ́, ó lè tún nọ́ńbà tó wọlé pín, ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tí ìka ò ṣe sílẹ̀.

Pùródúsà, ọ̀rọ̀ hi-hat yẹn, wọ́n ti ń wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn kan ní ojú ìfọwọ́kàn mẹ́ta dípò méjì, kéèyàn lè tún kíì tẹ̀ kó tó gòkè tán. Ti P-45, méjì ni. Ẹ jàre ní ti ìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ sì ni ti Ìbàdàn yàtọ̀ sí ohun táwọn òyìnbó ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Hammer 88 ò ní ohùn kankan nínú. Láptọ́ọ̀pù ló ń fún un níná láti ojú USB. Tí wọ́n bá mú iná lọ, bí bátìrì láptọ́ọ̀pù ẹ bá ṣì wà, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. P-45 àti FP-10 ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú iná ni ẹnu wọn wà, kò síbi bátìrì lára wọn, iná lọ, ó tán, àyàfi tó o bá ní inverter. Casio PX-S1100 ló ń lo bátìrì AA mẹ́fà, ìdí ẹ̀ nìyí tí àwọn ọmọ tó ń lọ sóde ìwàásù fi fẹ́ràn ẹ̀. Ní ìdàkejì, tí láptọ́ọ̀pù ẹ bá kú, tàbí tó o kàn fẹ́ dánra wò láàárọ̀ láìtan kọ̀ǹpútà, Hammer 88 á dákẹ́ sójú ẹ. P-45, FP-10 àti PX-S1100 ní sípíkà lára. O tan án, o tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, tí inverter bá wà nílé, màá ní kó o mú píánò oníná. Tí kò bá sí, tó sì jẹ́ orí láptọ́ọ̀pù nìkan lo ti ń ṣiṣẹ́, Hammer 88. Ti SL88 àti S88, ilé iṣẹ́ Fatar ní Recanati ní Ítálì ló ń ṣe kíì wọn, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ti sọ̀rọ̀ owó. Bí yàrá bá há jù, Studiologic ní SL73 tí kíì ẹ̀ jẹ́ 73, òun náà wúwo dáadáa.

Bímpé Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí olórin ni mí, mi ò kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń sọ ti kíì tó wúwo, ẹ ò dárúkọ ariwo. Mo ní ọ̀kan. Mo fi hẹ́dífóònù sí etí, mo rò pé ilé dákẹ́. Àṣé kí-kì-kí tí kíì ń lu ìsàlẹ̀ ń lọ taara sí orí àjà ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ mi. Ó kanlẹ̀kùn. Ó ní ta ló ń gúnyán lóru? Kápẹ́ẹ̀tì nípọn tí mo ká ní ìlọ́po méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀ ló dín in kù.

Mo tún ní ìbéèrè. Tí mo bá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ohùn méjì ni mò ń gbọ́, ọ̀kan láti inú píánò, ọ̀kan láti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá máa fa ara wọn. Kí ló fà á?

Ẹnjiníà Dùgbẹ̀

@Bímpé, Local Control ló wà ní títàn. Kíì ń bá ohùn inú píánò sọ̀rọ̀, ó sì tún ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Wò inú ìwé ìtọ́ni ẹ̀, wá Local Control, pa á. Tó o bá ń kánjú, rẹ ohùn píánò sílẹ̀ pátápátá, kó o máa gbọ́ ti kọ̀ǹpútà nìkan. Tó o bá parí, má gbàgbé kó o tàn án padà, torí àwọn kan ti gbé píánò wá bá mi láti Ìwó Road pé ó ti bàjẹ́, Local Control ni wọ́n pa.

Àkànjí Ṣàngó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ "ra kíì, má ra bọ́tìnnì" yẹn wọ̀ mí létí. Inverter wà nílé wa, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n á jẹ́ kí n fi wáyà kan gbà nínú ẹ̀. Wíìlì pitch ló ń dà mí láàmú báyìí, torí Ọmọ Àyàn ti là mí lójú.

Ìbéèrè mìíràn: èyí tí mo ní yìí, tí mo bá tẹ kíì, ohùn máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ṣé tí mo bá ra èyí tó dáa, á tán?

Ẹnjiníà Dùgbẹ̀

Rárá o, kiibọ́ọ̀dù kọ́ ló jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ló ń kó ohùn jọ kó tó tú u jáde. Wo buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tó ń kó jọ yẹn, nínú ètò audio FL Studio. Ní 44,100 Hz, buffer 1024 ń fi bíi míllísẹ́kọ́ńdì 23 kún un, 512 fi bíi 12, 256 fi bíi 6, 128 fi bíi 3. Lo FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL (driver ohùn ni wọ́n), sọ buffer di 256, tó bá ń fọ́, gbé e sókè díẹ̀ díẹ̀. Ìka ò ní mọ̀ ọ́n tó bá ti wà nísàlẹ̀ 10. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta kiibọ́ọ̀dù tuntun fún ẹ.

Bímpé Mọ́kọ́lá

Ohùn náà ń jẹ dátà o, ẹ má gbàgbé. Píánò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ lè tó gígábáìtì mélòó kan. Salamander Grand Piano wà lọ́fẹ̀ẹ́, ara Yamaha C5 ni wọ́n ti gbà á. Pianoteq ò gba ohùn sílẹ̀ rárá, ìṣirò ló fi ń dá ohùn náà sílẹ̀, kò sì tó 100 MB. Owó la fi ń ra ìyẹn ṣá, àmọ́ ẹ lè dán an wò kí ẹ tó ra. Láptọ́ọ̀pù mi ò lágbára, òun ló sì ń gbà á.

Tíṣà Dùùrù Bódìjà

Ẹ ti gbàgbé ẹsẹ̀. Àkànjí, ìwọ tó o fẹ́ kí píánò dún bíi pé èèyàn jókòó síbẹ̀, pẹ́dàálì ló ń mú nóòtì wọnú ara wọn. Èyí tó bá P-45 wá nínú páálí ẹ̀, bọ́tìnnì pẹlẹbẹ kékeré ni, ó máa ń sá lórí kápẹ́ẹ̀tì tí Bímpé ní kí o ká yẹn. Wá èyí tó rí bíi ti píánò gidi, tó ní rọ́bà nísàlẹ̀.

Tó o bá so pẹ́dàálì mọ́ ọn, tí ohùn ń fà nígbà tó o gbé ẹsẹ̀ kúrò, tó wá gé nígbà tó o tẹ̀ ẹ́, kò bàjẹ́. Pẹ́dàálì ilé iṣẹ́ kan àti ti òmíràn máa ń ṣòdì síra wọn. Àwọn pẹ́dàálì kan ní bọ́tìnnì kékeré lábẹ́ tí èèyàn fi ń yí i. Bí tìrẹ ò bá ní in, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ pátápátá, pa ẹ̀rọ náà, tàn án padà; ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fúnra wọn mọ ọ̀nà ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jí.

Ẹ̀yin atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ tún ń gbára lé bọ́tìnnì transpose jù. Ẹ máa tẹ orin lórí C nìkan, ẹ sì ń fi bọ́tìnnì gbé e lọ síbi tí akọrin wà. Kíì tó wúwo yìí, ẹ fi kọ́ F sharp. Mo ti sọ tèmi.

Àkànjí Ṣàngó

😅 Màmá, ẹ ti rí mi lójú ọ̀nà.

Ó dáa, mo ti pinnu. Píánò oníná ni, P-45 tàbí P-145 tó rọ́pò ẹ̀ ní 2023, èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí tó mọ́. MPK Mini á tẹ̀lé e tí owó orin méjì bá wọlé, fún gángan. Ẹ̀gbọ́n Pùródúsà, ẹ ò ní ta tiyín fún mi?

Pùródúsà Àpáta

Kí n wá fi kí ni jẹun? Ra tìẹ.

Ọmọ Àyàn Ọjà Ọba

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi. Tó o bá ra kékeré yẹn tán, kàn sí mi, màá fi ohùn gángan mélòó kan ránṣẹ́ sí ẹ. Máa dárúkọ bàbá mi nínú orin náà ṣá.

Ẹnjiníà Dùgbẹ̀

Kó o tó sanwó, gbé láptọ́ọ̀pù ẹ dání pẹ̀lú wáyà USB tí wọ́n ń lò fún printer, òun náà ló ń wọ ẹ̀yìn P-45. Tí Windows ò bá dá a mọ̀, driver wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú ewé Yamaha. Wáyà yẹn kì í gbé ohùn P-45 wọ kọ̀ǹpútà o, MIDI nìkan ló ń gbé. Gba MIDI-OX, software tó ń fi nọ́ńbà MIDI hàn, sórí Windows, ṣí i, tẹ kíì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: lẹ́ẹ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan gidigidi. Máa wo nọ́ńbà. Kíì tó bá ń fò sí 127 nígbà tó o rọra tẹ̀ ẹ́, eruku ti wọ ojú ìfọwọ́kàn ẹ̀, tàbí rọ́bà ibẹ̀ ti gbó. Ẹyọ kan tàbí méjì, mo lè tú u kí n nù ún. Tó bá tó mẹ́wàá, jẹ́ kó máa lọ. Kíì tó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n ju àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jẹ. Èyí tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde, wo àárín ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú jù.

Wo ádáptà náà. Volt 12 ni P-45 ń lò. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ádáptà: tó bá jẹ́ 100V nìkan ni wọ́n kọ síbi iná tó ń wọlé, ti Japan ni, má fi sójú iná ilé wa, wá èyí tó gba 220 dé 240. Oníbàárà mi kan ò kà á, èéfín ló kí i káàbọ̀. Tó o bá ra òmíràn, kí volt àti ojú òdì àti òdodo ẹ̀ (– àti +) bára mu pẹ̀lú ohun tí wọ́n yà sẹ́yìn píánò.

Ní ti gbígbé e délé: P-45 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 132 ó lé díẹ̀, ó wúwo ní kílò 11 àbọ̀. Má gbé e sórí ọ̀kadà, mo bẹ̀ ẹ́. Ya Micra kan fún ara ẹ, ní kí awakọ̀ ti ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn wálẹ̀, á wọlé láti bóńẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, má jẹ́ kí kíì kọjú sísàlẹ̀. Bá awakọ̀ dá iye tó máa gbà kí píánò tó wọ inú ọkọ̀, tó bá ti wọlé tán, iye ti yí padà nìyẹn. Tó o bá délé, ra aṣọ tí wọ́n fi ń bo tábìlì, máa fi bò ó ní gbogbo ìgbà tí o kò bá tẹ̀ ẹ́, àgàgà lásìkò ọyẹ́.

Àkànjí Ṣàngó

Ó ti yé mi, sà. Ọjọ́ Sátidé ni màá jáde. Tí mo bá rí ọ̀kan, màá ya fọ́tò ojú MIDI-OX ẹ̀ síbí kí n tó yọ owó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jìnnà sí fóònù.